Ohùn Kejì Lórí Fíìmù

Bàbá onílé wa ní Jójú ò lè wo fíìmù kí wọ́n dákẹ́. Àwa mẹ́ta la gba yàrá òkè lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ kóòdù kíkọ la ń ṣe, a sì ní inverter tó lè gbé tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí mẹ́rin bí wọ́n bá mú iná lọ. Inverter yìí ló ń gbé bàbá gòkè wá lálẹ́ Sátidé. Wọ́n á jókòó sórí àga tó sún mọ́ fèrèsé, níbi tí ariwo tírélà àwọn iléeṣẹ́ Sango-Ọ̀tà ti ń wọlé, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á ní kí a gbé fíìmù àtijọ́ sí i. Bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ohun tí ìlù yẹn ń wí?"

A ò gbọ́ nǹkan kan. Ìlù la gbọ́.

"Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni yẹn. Ẹ wo bó ṣe dé fìlà. Ẹni tó bá dé fìlà báyẹn níwájú ọba, ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe."

Nígbà èwe wọn, bàbá ti bá ẹgbẹ́ onítíátà kan rìn fún ọdún bíi mẹ́rin. Wọn kì í ṣe òṣèré o. Àwọn ni wọ́n ń lẹ pósítà mọ́ ògiri, tí wọ́n ń di ẹrù sínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì wá ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ sinimá kiri nígbà tí ẹgbẹ́ náà kúrò lórí ìtàgé tó bọ́ sínú fíìmù. Nítorí náà, wọ́n mọ nǹkan. Àmọ́ ariwo ni lójú àwa. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kí rìmóòtù ní bọ́tìnnì kan fún ohùn bàbá nìkan, kí a máa tan ohùn náà nígbà tó bá wù wá, kí a sì gbé e kúrò nígbà tí kò bá wù wá.

Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé bọ́tìnnì yẹn ti wà láyé láti 1984.

Ní ọdún yẹn, iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Criterion gbé King Kong, fíìmù 1933, jáde lórí laserdisc, ìyẹn àwo ńlá kan tó tóbi tó àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn bàbá wa. Ọ̀nà ohùn méjì ló wà lórí àwo náà, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ òsì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni King Kong nílò, nítorí ní 1933 kò tíì sí pé ohùn ń pín sí òsì àti ọ̀tún nínú sinimá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kejì ṣe ṣófo. Wọ́n wá pe Ronald Haver, ẹni tó ń bójú tó ètò fíìmù ní Los Angeles County Museum of Art, wọ́n ní kó jókòó síwájú fíìmù náà, kó máa sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ojú ọ̀nà tó ṣófo yẹn ni wọ́n fi ohùn rẹ̀ sí. Tó o bá fẹ́ gbọ́ fíìmù, o yí i sí apá kan. Tó o bá fẹ́ gbọ́ Haver, o yí i sí apá kejì.

Òun ni Òyìnbó ń pè ní audio commentary. Àwa á máa pè é ní ohùn àlàyé.

Nígbà tí DVD dé ní àwọn ọdún 1990, àyè wá pọ̀, torí pé DVD kan lè gba ọ̀nà ohùn mẹ́jọ. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: olùdarí fíìmù, òṣèré, ẹni tó ran aṣọ. Ká sọ tòótọ́, púpọ̀ nínú wọn ò ju fàájì lọ. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ tí àwọn ya ibí yìí. Èyí tó jẹ ti àwọn ọ̀mọ̀wé ló yàtọ̀. Roger Ebert sọ̀rọ̀ lórí Citizen Kane. Donald Richie, ará Amẹ́ríkà tó gbé ní Japan fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì ti kọ odindi ìwé lórí iṣẹ́ Akira Kurosawa láti 1965, sọ̀rọ̀ lórí Rashomon. Nínú fíìmù yẹn, wọ́n kọjú kámẹ́rà sí oòrùn fúnra rẹ̀ láàárín ewé igi, ohun tí àwọn ayàwòrán ìgbà náà ń sá fún. Òṣèré á sọ fún ọ pé oòrùn mú. Ọ̀mọ̀wé á sọ fún ọ ìdí tí oòrùn fi wà nínú àwòrán.

Àmọ́ kì í ṣe Los Angeles ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé fíìmù lórí. Ní Japan, láyé tí fíìmù ò tíì ní ohùn, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní benshi, tí wọ́n máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n ń sọ ìtàn náà fún èrò. Ẹ̀gbọ́n Kurosawa gan-an ṣe iṣẹ́ yìí. Ní Uganda lónìí, àwọn VJ ń sọ̀rọ̀ lé fíìmù Amẹ́ríkà lórí ní èdè Luganda, wọ́n ń túmọ̀, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn mìíràn sì lókìkí ju òṣèré inú fíìmù lọ. Èyí tó kàn wá jù lọ nínú ìtàn yìí, ìjọba amúnisìn ló gbé e wá sílẹ̀ wa.

Ní ìparí àwọn ọdún 1920, àrùn tí eku ń gbé kiri ń pa ènìyàn l'Ékòó. William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù kọ́ ará ìlú nípa eku àti ìmọ́tótó. Nígbà tí ogun Hitler dé ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀, Sellers yìí kan náà ló sì darí rẹ̀. Ọkọ̀ sinimá ń lọ láti abúlé dé abúlé. Wọ́n á ta aṣọ funfun, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo ìlú á péjọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù náà kò ní ohùn kankan. London ni wọ́n ti máa ń kọ ọ̀rọ̀ àlàyé ránṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìbílẹ̀ kan á wá dúró ti ọkọ̀ pẹ̀lú máíkì, á máa sọ ọ́ lédè àwọn tó wá wòran.

Ẹ fojú inú wo ẹni yẹn. Wọ́n fún un ní Mr. English at Home, fíìmù 1940 tó fi bí ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́ hàn. Àwọn àgbẹ̀ ló jókòó síwájú rẹ̀, àwọn ọmọ wọn ń sáré níwájú iná. Báwo ló ṣe máa sọ fún wọn pé ọkọ, ìyàwó àti ọmọ nìkan ló ń gbé odindi ilé, láìsí ìyá àgbà, láìsí àbúrò? Ìwé tí London kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn onímáíkì wọ̀nyí máa ń fi tiwọn kún un. Àwa gbà pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi èdè Yorùbá ṣe ohùn àlàyé. Afẹ́fẹ́ ló gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyàtọ̀ kan ṣáá ló wà láàárín onímáíkì yẹn àti Ronald Haver, ó sì tóbi. Ará abúlé ò ní bọ́tìnnì. Kò lè yí ohùn ìjọba sí apá kan kó sì fojú ara rẹ̀ wo fíìmù. Ohun tí wọ́n bá ní o rí náà lo rí.

Ìtàn kan wà tí John Wilson sọ, tí Marshall McLuhan sì gbé sínú ìwé rẹ̀ The Gutenberg Galaxy ní 1962. Wọ́n fi fíìmù ìmọ́tótó kan han àwọn ará abúlé bí ọgbọ̀n nílẹ̀ Áfíríkà, nípa bí a ṣe ń da omi ìdọ̀tí tó dá rogún nù. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Wọ́n ní àwọn rí adìẹ. Àwọn tó ṣe fíìmù ò mọ̀ pé adìẹ wà níbẹ̀. Wọ́n padà lọ wò ó, àwòrán kan tẹ̀lé òmíràn, ni wọ́n bá rí i: adìẹ kan gba igun ìsàlẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé Òyìnbó fi sọ ìtàn yìí láti fi hàn pé àwọn ènìyàn wa ò mọ fíìmù wò. Nígbà tí àwa kà á, ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé àwọn tó wòran rí ohun tí àwọn tó ṣe é ò rí. Ká ní ẹnì kan nínú àwọn ọgbọ̀n yẹn ló di máíkì mú ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí fíìmù tiwa. Ní 1976, Àjàní Ògún jáde, Adé Love ló sì ṣe olú-òṣèré níbẹ̀. Ìjà Òmìnira tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Ayé ti Hubert Ogunde, àti Ọ̀run Mooru ti Baba Sala ní 1982. Ola Balogun, tó kọ́ṣẹ́ sinimá ní Paris, ló darí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 1981, Bankole Bello gbé eré Akinwumi Isola, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, wọ inú fíìmù. Láàárín ọdún díẹ̀ ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Àwọn onítíátà tó ti ń fi bọ́ọ̀sì rìn láti ìlú dé ìlú kàn gbé ẹ̀rọ sinimá sínú bọ́ọ̀sì kan náà, wọ́n sì ń bá ìrìnàjò wọn lọ.

Ta ló wá kù tó lè sọ̀rọ̀ lé wọn lórí? Ogunde kú ní 1990. Adé Love kú ní 1996. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì tó ti ṣiṣẹ́ ní WNTV n'Ìbàdàn, tó sì ṣe Ọ̀pálábá nínú Ṣaworoidẹ, lọ ní 2017. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Akinwumi Isola, tó kọ Ṣaworoidẹ, lọ ní oṣù kejì, Baba Sala sì lọ ní oṣù kẹwàá. Nínú gbogbo àwo àti fáìlì tó wà nílé wa, kò sí ọ̀kan tí ohùn àlàyé ìkankan nínú wọn wà lórí rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé wọ́n kúkú fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Òótọ́ ni, a sì ti wò wọ́n. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan nípa ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tó ti ṣe é nígbà ogún ti ní ìtàn méje tó máa ń sọ, àwọn ìtàn yẹn ti dán bí owó ẹyọ. O bi í nípa ogójì ọdún iṣẹ́, ó fún ọ ní ìtàn kẹta. Ṣùgbọ́n tó o bá gbé e jókòó síwájú fíìmù, fíìmù ni yóò máa bi í léèrè, ìbéèrè rẹ̀ kì í sì í ṣe ti gbogboogbò. Kí ló dé tí ẹni yìí fi ti òsì wọlé? Ilé ta lèyí? Ta ni obìnrin tó jókòó lẹ́yìn yẹn tí kò sọ̀rọ̀ kankan? Nǹkan tó ti gbàgbé láti 1979 á kọlù ú lójijì. A rí i lára bàbá onílé wa. Bí a bá jókòó lásán, wọn kì í rántí orúkọ ìlú mẹ́ta nínú àwọn ibi tí wọ́n rìn dé. Ẹ jẹ́ kí ìbọn dún nínú fíìmù, wọ́n á sọ fún yín irú ìbọn tó jẹ́, ibi tí wọ́n ti yá a, àti ẹni tó bú wọn nígbà tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dá a padà.

Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé tún yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́rìí, a ó sì fi Ayé ṣàpẹẹrẹ, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan Ọ̀tà níbí. Nínú Ayé, Ogunde fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Gbogbo ẹni tó wo fíìmù yẹn nígbà èwe ló lè sọ oorun tí kò sùn lọ́jọ́ náà. Ìlú Ọ̀tà tí a ń gbé yìí sì jẹ́ ìlú tí àwọn àgbà máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ìyàmi. Ọ̀tà yìí kan náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn Àwórì. Kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe? Ó ń fi ijó, aṣọ àti orin tu àwọn ìyá wa lójú, ó ń pọ́n wọn lé kí ayé lè dẹrùn. Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal kọ ìwé ńlá kan lórí rẹ̀ ní 1983, ọdún díẹ̀ péré lẹ́yìn tí Ayé jáde.

Àwòrán méjì nípa agbára obìnrin nìyẹn, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti hù. Nínú ọ̀kan, ẹ̀rù ni, a gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun rẹ̀. Nínú èkejì, ìyá ni, a gbọ́dọ̀ tù ú lójú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń wo Ayé lórí fóònù ní Jójú lónìí ò ní mọ̀ pé èkejì wà. Á rò pé bí Yorùbá ṣe rí àjẹ́ láti ìpilẹ̀ nìyí. Ọ̀mọ̀wé tó bá jókòó síwájú fíìmù náà lè dúró níbi tí àwọn àjẹ́ ti pàdé lóru kó bèèrè pé: níbo ni Ogunde ti rí àwòrán yìí? Èwo ló wá láti inú Ifá, èwo ló wá láti orí ìtàgé tirẹ̀, èwo ni ìwàásù inú ṣọ́ọ̀ṣì ti mú wọlé? Ẹ rántí pé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni Ogunde fi bẹ̀rẹ̀ kó tó di onítíátà. Àti pé, kí ló dé tó fi jẹ́ Freddie Goode ló darí Jáíyésinmi tó tẹ̀ lé e, tí kì í ṣe Ola Balogun mọ́? Ìdáhùn irú ìbéèrè báyìí wà káàkiri nínú ìwé. Ebun Clark ti kọ ìwé lórí Ogunde láti 1979. Biodun Jeyifo kọ tirẹ̀ lórí tíátà alárìnká ní 1984. Karin Barber bá ẹgbẹ́ Oyin Adejobi rìn, ó bá wọn ṣeré lórí ìtàgé, kó tó kọ The Generation of Plays ní 2000. Àmọ́ ibi tí ìwé wọ̀nyí wà jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń wo fíìmù. Ohùn àlàyé ló lè gbé ojú ewé náà wá síbi tí ojú wa wà, ní ìṣẹ́jú-àáyá tó yẹ gan-an.

Ìlù tún wà níbẹ̀ o. Èyí ló dùn wá jù. Fíìmù Yorùbá ní ohùn kan tí fíìmù Amẹ́ríkà ò ní, torí pé ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fíìmù máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu, bó bá kan ìlù, ó sábà máa ń fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófo. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá pàápàá, tí a rò pé a ò nílò ìtumọ̀, a ń ṣòfò níbẹ̀. Ẹ wá wo Ṣaworoidẹ, tí Tunde Kelani ṣe ní 1999, ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀. Ìlù ni gbogbo ìtàn náà. Ìlú Jogbo ní ìlù kan, bí ọba bá dé adé láìjẹ́ pé ó ti mulẹ̀, tí wọ́n sì lu ìlù yẹn, orí rẹ̀ ló máa gbà á. Fíìmù tó dá lórí ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ, a wò ó bí ìgbà mẹ́wàá láìgbọ́ ìlù.

Nípa ti ẹ̀rọ, kò sígbà tó ṣòro. VCD tí wọ́n ń tà ní gbogbo ibùdókọ̀ nígbà èwe wa, tó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 péré (ìdí nìyẹn tí fíìmù fi máa ń wà lórí àwo méjì), ní ọ̀nà ohùn òsì àti ọ̀tún. Àwọn tó ń ṣe VCD karaoke ti ń lò ó: wọ́n fi orin pẹ̀lú ohùn sí apá kan, orin láìsí ohùn sí apá kejì. Ohun tí Haver ṣe ní 1984 gẹ́lẹ́ nìyẹn. Apá kan VCD Yorùbá ì bá ti gba ohùn Akinwumi Isola láìná kọ́bọ̀ kún un.

Lónìí, kò tiẹ̀ yẹ kí a fọwọ́ kan fíìmù náà rárá. Wọ́n jí Ọ̀run Mooru dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, gbèsè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ Baba Sala rì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ẹ̀kọ́ gbé fíìmù onífíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohùn nìkan la lè gbà sínú fáìlì tirẹ̀. O ra fíìmù tàbí o wò ó níbi tí ẹni tó ni ín gbé e sí, o fi ohùn sí etí kan, kí àwọn méjèèjì máa lọ pọ̀. A kọ irinṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe èyí. Ohun tó yọ wá lẹ́nu ni pé ẹ̀dà fíìmù kan kì í bá òmíràn dọ́gba. Ẹnì kan ti fi ìpolówó ìṣẹ́jú mẹ́ta síwájú tirẹ̀. Àwọn fíìmù tí wọ́n yà ní àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí wọ́n wá gbé sórí fídíò wa tó ń sáré ní 25, á ti yára díẹ̀, ìṣẹ́jú 100 á di 96. Ohùn gbogbo á sì gòkè díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wá pé bóyá èyí ti ba ọ̀rọ̀ ìlù jẹ́. Kò bà á jẹ́. Bí dò ṣe gòkè náà ni mí gòkè, ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀.

A ò ní kí gbogbo ọ̀mọ̀wé lọ mú máíkì o. A ti gbọ́ àwọn kan tó jẹ́ pé ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń kà bí ẹni ń ka ìkéde òkú, tí fíìmù ti kọjá lọ tí wọ́n ṣì wà ní ojú ìwé kejì. Àwọn mìíràn á yin olùdarí títí wọ́n á fi gbàgbé láti sọ ohun tó ṣe. Ẹlẹ́rìí náà sì lè ṣì wá lọ́nà. Bàbá onílé wa fi gbogbo ẹnu sọ fún wa pé Ogunde ló darí Ayé fúnra rẹ̀, àwọn wà níbẹ̀. Orúkọ Ola Balogun wà lára fíìmù náà. Bí a bá pe ẹlẹ́rìí àti ọ̀mọ̀wé jókòó sójú kan, tí èkíní ń rántí tí èkejì ń wádìí, nígbà yẹn la tó ní nǹkan.

Àwa kúkú gbìyànjú. Lálẹ́ Sátidé kan a gbé Ṣaworoidẹ sí i, a so máíkì kékeré mọ́ ọrùn bùbá bàbá, a ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n wò wá bíi pé orí wa ti yí. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá dákẹ́ nídìí fíìmù nìyẹn! Lẹ́yìn náà wọ́n gbàgbé máíkì, ẹnu wọn sì là. Ìṣẹ́jú 52 la gbà sílẹ̀. Ni iná bá dé, wọ́n rántí pé omi ti tán nínú táǹkì, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ tan ẹ̀rọ omi. Wọ́n ní kí a fi ìyókù sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ wà lọ́rùn wa. Ọ̀sẹ̀ kejì náà, bákan náà. Oníbàárà kan ń retí nǹkan lọ́wọ́ wa, a ń sùn nídìí láptọ́ọ̀pù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá kan ilẹ̀kùn, a ní kí wọ́n má bínú, a ní ó ku díẹ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n ti gbé wọn lọ sílé ní ìlú wọn, wọn ò sì padà. Àwọn ọmọ wọn ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ wa báyìí.

A ti gbọ́ ìṣẹ́jú 52 náà dáadáa. A ti kọ àkókò gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, a ti ṣàyẹ̀wò ohun tí a lè ṣàyẹ̀wò, a ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí bàbá ti ṣì í. Ibì kan wà ní ìṣẹ́jú 47 tí wọ́n ti ní, "Ẹ dúró, ẹ dá a padà, ẹ gbọ́ ohun tí ìlù yẹn sọ." Ohùn ọ̀kan nínú wa wà níbẹ̀ tó ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ ná, a máa padà síbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá a gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin onílù kan tó máa ń lu níbi ìnáwó nítòsí wa. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì ló lè jẹ́, pé ohùn wọn ò yàtọ̀ síra lórí ìlù, ẹni tó bá mọ oríkì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́. Ó sọ méjèèjì fún wa, ó fi ẹnu lù wọ́n, a ò lè sọ ìyàtọ̀. Ó ní bàbá òun ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé, kí a gbé e padà wá. A ti fi iná sí láptọ́ọ̀pù, a sì ti ra máíkì kejì.